Ọkọ̀ Tí Tàjù Pín Bí Ogún

Ọkọ àbúrò mi ni Tàjúdéènì, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo ń bú u, kó lọ bi òun fúnra rẹ̀. Yóò ní òótọ́ ni mo sọ. Kì í ṣe pé ó gbà pé òótọ́ ni o. Ọjọ́ orí mi ló ju tirẹ̀ lọ, Tàjù kì í sì í bá ẹni tó jù ú lọ jiyàn.

Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn. Bí ọmọdé bá bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan, á ní òun ò ráyè. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé ẹ̀bẹ̀ tí kò nítumọ̀ wá, á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí onítọ̀hún á fi sá lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fi ọdún kan péré jù ú lọ la ẹnu báyìí, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni “Bẹ́ẹ̀ náà ni, bàbá,” tàbí “Kò burú, màmá.” Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ẹ̀kọ́ náà sì wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà kan wà tí bàbá kan ní Òjòó pè é sí ìsọmọlórúkọ, tí bàbá mìíràn ní Ẹlẹ́yẹlé sì pè é sí tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ó gbà fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó fi máa gun kẹ̀kẹ́ dé Òjòó, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó bá yí padà kó má bàa pẹ́ dé Ẹlẹ́yẹlé. Nígbà tó fi máa dé Ẹlẹ́yẹlé, àwo ni wọ́n ń fọ̀. Adétóun àbúrò mi bi í pé kí ni orúkọ àwọn ọmọ náà, kò mọ ti ẹnì kankan nínú wọn. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ṣá, ọ̀gá ni. N kò lè yìn ín lójú rẹ̀ kí orí rẹ̀ má bàa wú, ṣùgbọ́n kò sí níhìn-ín báyìí. Mọ́kọ́lá ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó bá àwọn sójà tún ọkọ̀ ṣe ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń tún ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn ṣe. Èyí tó ti kú pátápátá, tí koríko ti hù nínú rẹ̀, ni Tàjù máa ń wá kiri. Á lu ara rẹ̀ tó ti wó títí á fi tẹ́jú, á gé ibi tó ti dógùn-ún kúrò, á jó irin tuntun mọ́ ọn. Kò sì ní fi í sílẹ̀ bó ṣe wà láyé àtijọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi irin yí níwájú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jí, Tàjù á so sítátà mọ́ ọn, kí ẹni tó ni ín kàn jókòó kó tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kò ju ti àtùpà lọ, á bá a wá iná lára ọkọ̀ tuntun kan tó ti forí sọ igi. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó bá tún ọkọ̀ Mọ́rísì rẹ̀ ṣe ló sọ ọ́ ní Àjíǹde, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́sáláṣí ló ń lọ. Èmi ni mo ń rán ìjókòó àwọn ọkọ̀ náà. Aránṣọ ni mí. Páànù kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣálẹ́ńjì, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún tí n kò gbọ́.

Ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìdílé Oyèṣọlá ni. Bàbá Oyèṣọlá, tó jẹ́ gbajúmọ̀ oníkòkó, ló fi ibẹ̀ yá a nígbà ayé wọn, nígbà tó jẹ́ pé òkété ló ń sá kiri ibẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìlú á nà dé ọ̀hún. Ní ọdún kẹrin tí a gba òmìnira, tí ilé gíga gogoro tí wọ́n ń fi owó kòkó kọ́ ń yọrí ní Dùgbẹ̀, tí ọkọ̀ ń gba Ríǹgì Róòdù láàárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ojú gbogbo ayé bá là sí ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnsànyà wá láti Èkó, ó ní ibẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ kọ́ ilé epo sí. Bàbá Oyèṣọlá ti kú nígbà náà. Ìyàwó mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀, ìdí-igi mẹ́ta, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ló sì jogún wọn. Bí ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò pé kí Ògúnsànyà gba ilẹ̀, Tàjù á kó irin rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹnu kò pé kí Tàjù dúró, á dúró. Òun náà mọ èyí, kò sì sùn dáadáa.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Gbádérọ̀, àbúrò olóògbé, wá sí ibi iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n fẹ́ fi jẹ Mọ́gàjí, kí wọ́n máa ṣe olórí agboolé. Wọ́n jókòó lórí táyà, wọ́n gbé ọ̀pá sí itan.

“Tàjúdéènì, èmi nìkan ò lè dá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí,” wọ́n ní. “Ṣùgbọ́n o mọ ọkọ̀ Ọ́sítìn ẹ̀gbọ́n mi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, torí kò sẹ́ni tó gbà kí ẹnì kejì gbé e. Jí i fún mi. Òun ni mo fẹ́ wọ̀ lọ kí Olúbàdàn lọ́jọ́ oyè mi. Bí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí i, tí inú wọn dùn sí i, màá bá ọ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ níwájú wọn. Bí wọ́n bá torí ẹ̀ jà, kó ẹrù ẹ, ọmọ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni, bàbá,” Tàjù ní.

Lọ́rì ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà wá. Adìẹ kan ń sàba lórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ láti agboolé títí dé Ṣálẹ́ńjì, ìyá tó ni adìẹ sì ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn lọ́rì, ó ń ṣépè. Ọkọ̀ dúdú ni tẹ́lẹ̀, kí oòrùn àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Táyà rẹ̀ ti jẹrà. Ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ga, iná rẹ̀ méjèèjì tóbi rogodo, ẹ ò lè wò ó kí ẹ má mọ̀ pé nǹkan gidi ni. Tàjù yí i ká, ó fọwọ́ nù ún díẹ̀díẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bàbá Theophilus ló kọ́kọ́ wá, ọmọ ìyáálé, hẹ́dímásítà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ká agboòrùn wọn, wọ́n fi na bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Dúdú ni bàbá mi rà á, dúdú ni kó wà. Má fi ohun ìgbàlódé kankan kàn án. Ẹ́ńjìnnì tí mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun náà ni mo fẹ́ gbọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni, bàbá.”

Lọ́jọ́ kejì, Abíọ́dún dé láti Bọ̀dìjà, ọmọ ìyàwó kejì, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àgodi. Ó fi píkọ́ọ̀pù gbé ẹ́ńjìnnì kan wá, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun kan tó ní ìjàǹbá lọ́nà Ọ̀yọ́.

“Tàjù, ayé ti lajú,” ó ní. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi Mọ́gàjí wa ṣẹ̀sín ni? Yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn kúrò nínú ẹ̀, fi èyí sí i. Kun ọkọ̀ yẹn ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Fi rédíò sí i. Ìjókòó pupa ni kó jẹ́.”

“Kò burú, ẹ̀gbọ́n.”

Àmúdàtù ló dé kẹ́yìn, ọmọ ìyàwó kékeré, tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀. Obìnrin tó ń rìn bí ẹni pé ọjà ń dúró de òun ni. Kò tilẹ̀ wo iwájú ọkọ̀ náà rárá.

“Ẹ̀yìn ni kí o là fún mi,” ó ní. “Kó lè gba ẹrù aṣọ. Lẹ́yìn ọjọ́ oyè, ṣé ọkọ̀ á kàn wà nílẹ̀ ká máa wò ó ni? Bí o bá sì fẹ́ kùn ún, àwọ̀ ewé ni ìyá mi fẹ́ràn.”

“Kò burú, ìyá wa.”

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn páànù. Bí Àmúdàtù ti ń lọ, mo fi síṣọ́ọ̀sì mi sílẹ̀, mo jáde.

“Tàjù, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ọkọ̀ kan náà lo fẹ́ kùn ní dúdú, tí o tún fẹ́ kùn ní àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọ̀ ewé?”

“Àǹtí, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún wọn? Àgbà ni wọ́n. Ilẹ̀ sì ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá bínú, mo gbé.”

Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ náà ni gbogbo ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ àbúrò mi, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, ìta ẹni ẹlẹ́ni ní Mọ́kọ́lá ló máa padà sí, kó máa bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Inú mi bàjẹ́ fún un. Mo lọ bá a ra ẹ̀pà, a jọ jókòó, a ń jẹ ẹ́.

Ibi tí a ti ń jẹ ẹ̀pà yìí ni ojú rẹ̀ ti là.

“Àǹtí, báwo la ṣe ń pín ogún nílẹ̀ yìí?”

“Ní ìdí-igi. Kí ni ìyẹn bá dé?”

“Ó parí!” ó ní, ó fò dìde. “Ìdí-igi mẹ́ta, ọkọ̀ kan. Iwájú fún Bàbá Theophilus, àárín fún Bùrọ̀dá Abíọ́dún, ẹ̀yìn fún Ìyá Àmúdàtù. Bí wọ́n ṣe ń pín oko kòkó náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń jà.”

“Tàjù, ta ló sọ fún ọ pé wọn ò jà lórí oko kòkó? Ọkọ̀ ni o, kì í ṣe oko.”

“Kò burú, Àǹtí,” ó ní. Ó sì mú irin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó ṣe pète rẹ̀ gan-an. Ohun tí n kò fẹ́ràn nípa àwọn tó máa ń fi ẹnu gbà fúnni nìyẹn. Wọn kì í bá ẹ jà, wọn kì í sì í ṣe ohun tí o wí.

Mo bú u títí, ṣùgbọ́n mo rán ìjókòó náà. Rẹ́síìnì pupa tó jọ awọ ni, mo fi funfun gba etí rẹ̀, mo kì òwú sínú rẹ̀ títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀wà tó jinná. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọkọ àbúrò mi, kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi dára.

Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò ṣeé pín. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà, ibẹ̀ sì jẹ́ ti Bàbá Theophilus. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí Abíọ́dún gbé wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo Tàjù lójú lójoojúmọ́. Tàjù tú èyí tó wà nínú ọkọ̀ palẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó tún wọn tò. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ sítátà, ọkọ̀ náà kàn sín ni. Ó tún tẹ̀ ẹ́, èéfín dúdú bo gbogbo Ṣálẹ́ńjì, mo kó aṣọ oníbàárà mi sá wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá já gaara, ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò gbọ̀n, kò wúkọ́. Tàjù pa á, ó tún jí i, ó pa á, ó tún jí i, bí ẹni tó ń fi ọmọ ṣeré. Ó wá gbé ẹ́ńjìnnì Abíọ́dún sẹ́yìn páànù, ó fi àpò bò ó, ó ní Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n wá wò ó. Bàbá Gbádérọ̀ ló ṣíwájú, Bàbá Theophilus, Abíọ́dún àti Àmúdàtù tẹ̀ lé wọn. Ta ni mo tún rí lẹ́yìn wọn? Ògúnsànyà. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ọ̀nà títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì kí mi bí ẹni pé mo ti di ayálégbé rẹ̀. N kò dá a lóhùn.

Tàjù ti fi aṣọ ìbùsùn mi bo ọkọ̀ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ká aṣọ kúrò.

Iwájú dúdú, ó ń dán, ẹ lè fi ṣe dígí. Àárín rẹ̀, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, rédíò ń kọrin nínú rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì pupa. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, Tàjù sì ti gé e là gbagada bí ti lọ́rì. Ó dà bí ìgbà tí aránṣọ fi ajẹkù aṣọ mẹ́ta rán bùbá kan. Takisí kan tó ń kọjá lọ rọra dẹ̀ lójú títì, àwọn èrò inú rẹ̀ yọrí jáde, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn títí wọ́n fi yà sí Ríǹgì Róòdù.

Ariwo wá bẹ́.

“Ta ló fi ọkọ̀ bàbá mi dárà báyìí?” Bàbá Theophilus ń pariwo. “Ta ló la ìdí rẹ̀?”

“Èmi ni mo ní kí wọ́n là á!” Àmúdàtù ní. “Àmọ́ ta ló gbé àga olóyè pupa dí ọ̀nà ẹrù mi?”

Abíọ́dún ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Ẹ́ńjìnnì mi dà? Tàjù! Irin ayé àtijọ́ yìí náà ló ṣì wà níbí?”

Bàbá Gbádérọ̀ fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. “Ẹ panu mọ́! Tàjúdéènì, ta ló ní kí o ṣe irú èyí?”

“Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, bàbá,” Tàjù ní, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. “Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wá bá mi, mo sì gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo wá pín in ní ìdí-igi. Torí ilẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí mi.”

Bàbá Gbádérọ̀ mi orí. “Mo ti sọ ọ́ fún ọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti jà. Ẹ wá lọ́rì wá, ẹ wọ́ ọkọ̀ náà padà sábẹ́ igi máńgòrò. Ìwọ náà, kó ẹrù ẹ.”

Ògúnsànyà rọra wúkọ́, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹnu. Mo mọ ohun tí Tàjù máa sọ. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo tilẹ̀ ti ń wo àwọn òkú ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, mo ń ronú pé èwo la máa kọ́kọ́ kó.

“Rárá,” ó ní.

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Tàjù fúnra rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó sì tún sọ ọ́ látibẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Rárá. Ilẹ̀ yín ni, ẹ gbà á, màá kó irin mi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ò padà sábẹ́ igi mọ́. Ó ti jí. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni màá tún un ṣe kí n tó lọ.” Ó dìde, ó gbọn eruku. “Bàbá Theophilus, dúdú ni màá kùn ún, ẹ́ńjìnnì bàbá yín ló sì máa wà nínú rẹ̀, torí ó lágbára ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ. Ṣùgbọ́n pé kí n má fi nǹkan ìgbàlódé sí i, rárá, sà. Búrẹ́ẹ̀kì àtijọ́ yẹn ò lè dúró lórí òkè Mọ́kọ́lá, a ò sì ní fi Mọ́gàjí sọ́wọ́ búrẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Abíọ́dún, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yín, kò wọ ibẹ̀. Mo fi rédíò àti ìjókòó sílẹ̀ fún yín. Ìyá Àmúdàtù, màá dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá yín kì í ṣe lọ́rì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé aṣọ, màá kan irin sórí òrùlé rẹ̀, ẹ ó máa dì í síbẹ̀.”

Omi ti lé sí mi lójú, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Mo ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ tí kò leruku.

Àmúdàtù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe Tàjù ló sì kọjú sí.

“Ẹ gbọ́ ná,” ó ní. “Tàjù gbà fún wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan torí ilẹ̀. Ta tún lẹni tó ń wá bá wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan torí ilẹ̀ yìí kan náà?” Ó yíjú. “Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé epo, èyí tẹ́ ẹ ní tèmi ni, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ṣọ́ọ̀bù wo?” Bàbá Theophilus ní. “Ṣé èyí tó wà lójú títì? Ọmọbìnrin mi ló fún ní ìyẹn. Ìwé ló fẹ́ máa tà níbẹ̀.”

A wá ń wo Abíọ́dún. Abíọ́dún ń wo bàtà rẹ̀.

“Ó fún èmi náà,” ó ní níkẹyìn. “Mo rí àwòrán ilé náà. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.”

Ògúnsànyà ní kí àwọn jókòó, kí àwọn fi sùúrù yanjú rẹ̀, pé wọ́n ṣì lè fi kún ṣọ́ọ̀bù. Ìjókòó wo? Bàbá Gbádérọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

“Ọ̀gbẹ́ni,” wọ́n ní, “ohun tí ọmọ yìí ṣe náà lo ṣe. Ṣùgbọ́n òun fi ọ̀dà ṣe tirẹ̀, gbogbo wa ló rí i. Ìwọ fi ẹnu ṣe tìẹ, o fẹ́ ká kọ́lé tán ká tó mọ̀. Máa lọ sílé.”

Ó lọ. Ìrìn tó fi kúrò níbẹ̀ yá ju èyí tó fi ń wọn ilẹ̀ lọ. Mo dágbére fún un dáadáa.

Tàjù tún ọkọ̀ náà kùn. Ó dí ẹ̀yìn rẹ̀, ó so búrẹ́ẹ̀kì tuntun mọ́ ọn, ó yí iná rẹ̀ padà sí èyí tó mọ́lẹ̀ kedere, ó sì kan irin sórí òrùlé bó ṣe ṣèlérí. Lọ́jọ́ oyè, òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Bàbá Gbádérọ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú agbádá tó gba gbogbo àyè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wọn mọ́ orí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ń ṣàròyé pé èmi ni mo rán an ní tóóró. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n lọ, tí wọ́n bọ̀. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ ìsinmi ni ọkọ̀ jẹ́ ti Bàbá Theophilus fún ṣọ́ọ̀ṣì, Àmúdàtù ló ń fi kó aṣọ lọ́jọ́ ọjà, Abíọ́dún sì máa ń gbé e ní ìrọ̀lẹ́ kó lè gbọ́ rédíò. Wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tó ń da epo sí i. Ìyẹn ò kan Tàjù.

Lẹ́yìn oyè, Mọ́gàjí wá sí ibi iṣẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọn wá. Tàjù wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Mo fi bàtà gbá a kó jáde. Mọ́gàjí kò jókòó. Agolo mílíìkì kan wà lọ́wọ́ wọn, erùpẹ̀ wà nínú rẹ̀, àgbálùmọ̀ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé mẹ́rin sì wà nínú erùpẹ̀ náà.

“Wọ́n ní kí n gbé e fún ọ,” wọ́n ní. “Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Gbìn ín síbi tó bá wù ọ́.”

Bí ẹ kò bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ lè rò pé ẹ̀bùn èso lásán ni. Ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ yá lè gbin àgbàdo síbẹ̀. Ó lè gbin ilá àti ata, ohun tí á so lọ́dún yìí tí á sì kú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ló ni ilẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀, nítorí náà ni kò fi sí igi kan lórí ilẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tí Tàjù ti débẹ̀, tí oòrùn fi ń pa á lórí irin gbígbóná lọ́dọọdún.

Tàjù gba agolo náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ewé mẹ́rin yẹn. Mo ní kí n bá a mú ọkọ́ wá. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò náà.